Ikọ́ gbígbẹ láàárín kímò: ṣé kí àbúrò mi gba abẹ́rẹ́ Ọjọ́bọ̀?

Ẹ̀gbọ́n kan kọ̀wé sí mi láti Ìbàdàn. Mo gé lẹ́tà wọn kúrú, mo sì yọ ohun tó lè jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá wọn mọ̀ kúrò. Ọ̀rọ̀ wọn nìyí: "Ẹ kú iṣẹ́ ma. Àbúrò mi ọkùnrin, ẹni ọdún 36, ń gba kímò fún jẹjẹrẹ tí wọ́n ń pè ní Hodgkin. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ló ń gbà á, oògùn mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì ti gbà á lẹ́ẹ̀mẹ́jọ. Kókó ọrùn rẹ̀ ti wálẹ̀ pátápátá, inú wa ń dùn. Àmọ́ ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ikọ́ gbígbẹ kan ti mú un, kò sí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ níbẹ̀. Bó bá gun àtẹ̀gùn ilé wa, ó di dandan kó jókòó. A ti lo oògùn ibà, a ti lo ti táífọ́ọ̀dù, ikọ́ ò lọ. Màmá wa ní ọyẹ́ ni. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní jẹjẹrẹ ti wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ẹlòmíì ní ikọ́ ẹ̀gbẹ ni. Èmi wá kà á pé kímò fúnra rẹ̀ lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ló yẹ kó gba ìkẹsàn-án. Ṣé kó gbà á? Àbí ká dá kímò dúró pátápátá? Ìyàwó rẹ̀ fẹ́ ká gbé sílíńdà ọ́síjìn wálé, ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?"

Ọjọ́ tí mo rí lẹ́tà yìí gan-an ni mo ti fèsì kúkúrú, torí ọ̀rọ̀ náà kò ṣeé fi di ọ̀la. Mo ní: ẹ pe dókítà rẹ̀ lónìí, ẹ má dúró de Ọjọ́bọ̀. Ẹ sọ fún wọn pé ó ń húkọ́ láìsí kẹ̀lẹ̀bẹ̀, èémí rẹ̀ sì ń kúrú. Ẹ bẹ̀ wọ́n pé kí ọ̀kan nínú oògùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, èyí tó ń jẹ́ bleomycin, má wọ ara rẹ̀ mọ́ títí wọn yóò fi yẹ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ wò. Àlàyé tí kò gba inú àtẹ̀jíṣẹ́ ni mo fẹ́ ṣe báyìí, nítorí kì í ṣe ilé kan ṣoṣo ni wọ́n ti ń béèrè irú ìbéèrè yìí.

Ẹ̀gbọ́n mi, bí mo ṣe ka lẹ́tà yín, ẹ̀rù méjì ló ń bà yín. Ẹ̀ ń bẹ̀rù pé ikọ́ yìí lè ṣe é léṣe. Ẹ tún ń bẹ̀rù pé bí ẹ bá dá kímò dúró nítorí ikọ́, jẹjẹrẹ tó ti ń lọ yóò ṣẹ́rí padà. Kò sí èyí tí kò tọ́ nínú méjèèjì. Ohun tó ń dà yín láàmú ni pé ẹ rò pé dandan ni kí ẹ mú ọ̀kan: kó gba gbogbo rẹ̀, tàbí kó fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ohun tí à ń pè ní kímò yẹn kì í ṣe oògùn kan. ABVD ni wọ́n ń kọ sínú fáìlì rẹ̀, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ló sì dúró fún oògùn tirẹ̀. Adriamycin ni A, òun ni omi pupa tó máa ń jẹ́ kí ìtọ̀ pọ́n, tó sì lè dá ọkàn lágara bó bá pọ̀ jù. Vinblastine ni V, tó ń mú kí ìka kú tipiri, kí ìgbẹ́ sì le. Dacarbazine ni D, tó ń fa èébì gan-an, tí a máa ń fi nǹkan bò kí ìmọ́lẹ̀ má bà á jẹ́. Bleomycin ni B. Bí wọ́n bá sọ pé ABVD ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, B yìí la kọ́kọ́ máa ń fura sí.

Ọdún kẹtàdínlógún rèé tí mo ti ń po àwọn oògùn wọ̀nyí fún àwọn tó ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ. Èyí tó pupa ni gbogbo èèyàn ń bẹ̀rù. Wọ́n máa ń wò ó bó ṣe ń kán sínú ọ̀pá, wọ́n á gbójú kúrò. Bleomycin kò ní àwọ̀ kankan bó bá ti di omi. Ìyẹ̀fun díẹ̀ ló wà nínú ìgò kékeré, bí a bá da omi sí i, á mọ́ gaara bí omi òjò. Kì í pa irun bíi ti Adriamycin, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ fa ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Ìdí gan-an tí àwọn dókítà fi fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn, pé ó ṣeé fi kún oògùn mìíràn láìjẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ aláìsàn á gbẹ. Ọ̀mọ̀wé ará Japan kan, Hamao Umezawa, àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló rí i láàárín ọdún 1960 sí 1969, lára kòkòrò àìfojúrí kan tó ń gbé inú ilẹ̀. Látìgbà náà, ó ti gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ là lọ́wọ́ Hodgkin àti lọ́wọ́ jẹjẹrẹ kórópọ̀n. Mo fẹ́ kí ẹ fi èyí sọ́kàn bí mo ṣe ń sọ aburú rẹ̀, kí ẹ má baà rò pé májèlé ni wọ́n fún un.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ló fà á tó fi ń dé ẹ̀dọ̀fóró. Bó bá wọ ara, á di èròjà irin inú ara mú, á wá lo ọ́síjìn láti fi gé okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń darí sẹ́ẹ̀lì, sẹ́ẹ̀lì náà á sì kú. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ara wa, èròjà kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti tú bleomycin palẹ̀ kó tó ṣe ọṣẹ́ púpọ̀. Èròjà yìí kéré gan-an níbi méjì: ẹ̀dọ̀fóró àti awọ ara. Ibi méjèèjì yìí ni oògùn náà sì ti máa ń fi ara hàn. Ẹ bọ́ ẹ̀wù àbúrò yín, kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀. Àwọn kan tó ń gba bleomycin máa ń ní ìlà dúdú gbọọrọ-gbọọrọ níbẹ̀, tó rékọjá ara wọn gẹ́gẹ́ bí àpá pàṣán. Mo ti rí ìyá kan tó sunkún níwájú mi, tó rò pé ẹnì kan na ọmọ òun lójú oorun, pé iṣẹ́ ayé ni. Oògùn ni. Bí ẹ bá rí ìlà náà, ẹ fi han dókítà. Bí ẹ kò bá rí i, ìyẹn kò sọ pé ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ mọ́, torí ọ̀pọ̀ àwọn tí ẹ̀dọ̀fóró wọn wú ni kò ní ìlà kankan lára.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀fóró náà nìyí. Ẹ̀dọ̀fóró dà bíi kànìnkànìn tó fúyẹ́, tó kún fún ihò wínníwínní, tí ògiri ihò náà tín-ín-rín débi pé afẹ́fẹ́ ń gba inú rẹ̀ wọ ẹ̀jẹ̀. Nígbà tí bleomycin bá ń ba ògiri yìí jẹ́, á wú, á pọ́n, omi ara á máa sun sínú rẹ̀. Inú ògiri ni ìṣòro wà, kì í ṣe inú ọ̀nà tí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ń gbà jáde. Ìdí tí ikọ́ náà fi ń gbẹ nìyẹn, tí èèyàn á húkọ́ húkọ́ tí nǹkan kan kò ní jáde. Bí a bá tètè rí i ní ipele wíwú yìí, ó ṣeé padà sẹ́yìn. Bí a bá jẹ́ kó pẹ́, àpá ni yóò dà. Ẹ wo kànìnkànìn tí wọ́n rì bọ inú ẹ̀kọ mímu tí wọ́n wá gbàgbé rẹ̀ sórí òkúta lójú oòrùn: ní wákàtí àkọ́kọ́, omi á fọ̀ ọ́ mọ́, ṣùgbọ́n tó bá ti gbẹ tó sì le gan-gan, ẹ fọwọ́ fún un títí, kò ní rọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Nítorí àkókò yìí ni mo ṣe ní kí ẹ má dúró de Ọjọ́bọ̀.

Wọ́n máa ń bi mí pé ta ni irú èyí máa ń ṣe. Bíi 10 nínú 100 àwọn tó gba bleomycin ni ẹ̀dọ̀fóró wọn máa ń fara gbá a dé ìwọ̀n kan, bíi ẹnì 1 nínú 100 ló sì máa ń kú nítorí rẹ̀. Ewu náà pọ̀ sí i fún ẹni tó ti lé ní ogójì ọdún, ẹni tó ń mu sìgá, ẹni tí wọ́n ti fi iná ẹ̀rọ tọ́jú àyà rẹ̀, àti ẹni tí iye oògùn tó gbà lápapọ̀ ti kọjá yúnìtì 400. Nínú ABVD, yúnìtì 15 sí 20 ni àgbàlagbà kan sábà máa ń gbà lẹ́ẹ̀kan. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀: ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ tí àbúrò yín ti gbà kò lè ju 160 lọ. Àwọn kan á sọ pé nígbà tí kò tíì dé 400, kò lè jẹ́ bleomycin. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu àwọn tó yẹ kó mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì tọ̀nà. Ewu ń pọ̀ lẹ́yìn 400 ni, kì í ṣe pé kò sí i ṣáájú rẹ̀. Ẹ̀dọ̀fóró ẹlòmíì ti wú pẹ̀lú ìwọ̀n tó kéré sí èyí.

Kíndìnrín ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn jù. Ìtọ̀ ni ó ju ìdajì bleomycin lọ ń gbà jáde. Bí kíndìnrín bá rẹ̀, oògùn á pẹ́ nínú ara, ẹ̀dọ̀fóró á sì máa jẹ ẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Ẹni tó ń gbe diclofenac tàbí ibuprofen mì lójoojúmọ́ nítorí ara ríro, tàbí tó ń mu àgbo tí kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ láàárín kímò, ó lè máa ṣe kíndìnrín rẹ̀ léṣe láìmọ̀. Ẹ bi í léèrè jẹ́ẹ́jẹ́, láìbá a jà, kí ẹ sì sọ òtítọ́ rẹ̀ fún dókítà.

Aránṣọ kan wà tí n kò lè gbàgbé. Níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kejì ni wọ́n ti ń gba kímò. Bàbá yìí máa ń fi téèpù ìwọnṣọ kọ́rùn wá, á ní láti ibẹ̀ ni òun ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ní àwọn ìgbà àkọ́kọ́, á sáré gòkè wá kí wa. Nígbà tó yá, mo ń rí i láti ojú fèrèsé wa pé ó máa ń dúró ní àárín àtẹ̀gùn, á ká téèpù náà mọ́ ìka, á tún tú u, á tún ká a, bí ẹni tó ń ronú ọ̀rọ̀ kan. Ó ń sinmi ni, kò fẹ́ ká mọ̀. Nígbà tí nọ́ọ̀sì bi í pé báwo lara, ó ní ara le, pé ọyẹ́ ló ń da òun láàmú díẹ̀. Oṣù ọyẹ́ ni lóòótọ́, gbogbo wa ló ń húkọ́. Èmi ni mo po bleomycin rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó sì gbà á. Nígbà tó máa fi tó ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n gbé e wá ni, ètè rẹ̀ ti yí padà, kò sì bọ́ nínú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, n kì í po B fún ẹnikẹ́ni láì kọ́kọ́ béèrè pé: àtẹ̀gùn wo lo gùn wá lónìí, ṣé o dúró lójú ọ̀nà? Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin ti rí i kó tó di Ọjọ́bọ̀. Ojú tí ẹ fi rí i yẹn tóbi lójú mi.

Ẹ jẹ́ ká wá wo àwọn orúkọ tí gbogbo ènìyàn ti fún ikọ́ náà. Ọyẹ́ lè fa ikọ́, ṣùgbọ́n ọyẹ́ kì í jẹ́ kí ọmọ ọdún 36 jókòó lórí àtẹ̀gùn. Ibà àti táífọ́ọ̀dù, ara gbígbóná ni wọ́n máa ń bá wá, wọn kì í sábà fa èémí kúkúrú fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ ara gbígbóná yìí nílò àlàyé, torí ó ti ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà. Ní alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n bá gba bleomycin, ara àwọn kan máa ń gbóná, wọ́n á máa gbọ̀n, á sì lọ kí ilẹ̀ tó mọ́. Oògùn ló fà á, kì í ṣe ẹ̀fọn. Èyí tó bá wá ní ọjọ́ mìíràn, tí ara bá gbóná dé 38 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ẹni tó ń gba kímò, ilé ìwòsàn tààrà ni, lóru tàbí lọ́sàn-án. Ẹ má yà sí kẹ́míìsì lọ gba abẹ́rẹ́ ibà. Ó lè jẹ́ pé àwọn jagunjagun inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, kí kòkòrò sì ti ráyè wọlé.

Ní ti ikọ́ ẹ̀gbẹ, ẹni tó sọ ọ́ kò sọ̀sọkúsọ. Ó wọ́pọ̀ nílẹ̀ wa, kímò sì lè jí èyí tó ti ń sùn nínú ara dìde. Ó gbọ́dọ̀ ṣe àyẹ̀wò rẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni àyẹ̀wò àti oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ lábẹ́ ètò ìjọba. Ìdí mìíràn tó fi ṣe pàtàkì ni pé oògùn tí wọ́n máa fi tọ́jú wíwú ẹ̀dọ̀fóró lè mú kí ikọ́ ẹ̀gbẹ tí a kò mọ̀ nípa rẹ̀ gbilẹ̀. Òtútù àyà wà níbẹ̀ náà, pàápàá irú èyí tó máa ń mú ẹni tí agbára ara rẹ̀ ti dínkù, tó máa ń wá pẹ̀lú ikọ́ gbígbẹ gẹ́lẹ́ bí èyí, tí Septrin sì lè wo bí wọ́n bá tètè lò ó ní ìwọ̀n tó pọ̀. Ọkàn tí Adriamycin ti dá lágara lè jẹ́ kí èémí kúrú, ẹ̀jẹ̀ dídì tó wọ ẹ̀dọ̀fóró lè fà á, àìtó ẹ̀jẹ̀ náà lè fà á. Ọ̀rọ̀ pé jẹjẹrẹ ti wọ ẹ̀dọ̀fóró ni mo rò pé ó jìnnà jù nínú gbogbo rẹ̀. Hodgkin tí kókó rẹ̀ ti wálẹ̀ pátápátá lọ́rùn kì í sábà máa gbilẹ̀ lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró lákòókò kan náà. Mi ò ní kí wọ́n má wò ó. Mo ń sọ pé kí ẹ má torí rẹ̀ sọ̀rètí nù.

Èmi kò rí àbúrò yín, mi ò gbọ́ àyà rẹ̀, apòògùn ni mí, n kì í ṣe dókítà rẹ̀. Àwọn dókítà gan-an kò ní àyẹ̀wò kan tó máa jáde tí wọ́n á kọ sí i pé "bleomycin ni". Wọ́n á máa yọ àwọn yòókù kúrò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ni, títí á fi ku òun. Ẹ́síréè lásán lè mọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ nígbà tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀, nítorí náà bí ẹ́síréè bá mọ́ tí ikọ́ kò sì lọ, ẹ béèrè fún CT scan àyà, ìyẹn àwòrán tó ń fi inú àyà hàn kedere ju ẹ́síréè lọ. Ó wọ́n, mo mọ̀, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé owó àyẹ̀wò kan ṣoṣo lẹ ní, òun ni màá ná an lé. Èyí tí kò náwó ni ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń kì bọ ìka, tó ń ka bí ọ́síjìn ṣe pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀, tí Kòrónà sọ di ohun tí gbogbo ilé mọ̀. Ẹ kà á nígbà tó jókòó, ẹ jẹ́ kó rìn lọ rìn bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan, kí ẹ tún kà á. Bí iye náà bá já wálẹ̀ tó bí 4 nígbà tó rìn, ẹ sọ ọ́ fún dókítà, kódà kó jẹ́ pé 96 ló wà nígbà tó jókòó. Ẹ nu ọ̀dà èékánná kúrò ká tó lò ó, kí ẹ sì lo ìka tí kò ní làálì. Ẹ sì mọ̀ pé lára awọ dúdú bíi tiwa, ẹ̀rọ yìí lè ka iye tó ga ju bí ọ̀ràn ṣe rí gan-an lọ. Bó bá sọ pé ọ̀ràn dáa tí ojú yín sì ń sọ pé kò dáa, ojú yín ni kí ẹ gbà gbọ́.

Bó bá wá jẹ́ bleomycin, ìtọ́jú àkọ́kọ́ ni pé kó má wọ ara rẹ̀ mọ́ láéláé. Lẹ́yìn náà, prednisolone, oògùn tó ń mú wíwú wálẹ̀, ni wọ́n sábà máa ń lò. Ìwọ̀n rẹ̀ máa ń ba èèyàn lẹ́rù: fún ẹni tó wọn kílò 60, ó lè tó 60 mg lójúmọ́, ìyẹn hóró méjìlá nínú ti 5 mg tó wọ́pọ̀ ní kẹ́míìsì wa. Mo ti rí ìdílé tó dá a sí mẹ́fà nítorí wọ́n rò pé ẹni tó kọ ọ́ ṣèṣì. Bí iye náà bá ya yín lẹ́nu, ẹ pè wọ́n kí ẹ béèrè, ẹ má gé e fúnra yín. Òwúrọ̀ ni kó lò ó lẹ́yìn oúnjẹ. Ojú rẹ̀ lè wú, ebi á máa pa á, oorun lè dá, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ lè gòkè, nítorí náà kí wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò. Ibi tí àwọn èèyàn ti máa ń ṣìṣe jù ni pé tí ikọ́ bá ti lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n á jù ú nù. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń dín in kù, fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, nígbà mìíràn fún oṣù mélòó kan; bí ó bá dá dúró lójijì, wíwú náà lè padà pẹ̀lú agbára. N kò ní tàn yín: ohun tí àwọn dókítà ti rí lára àwọn aláìsàn wọn ni a fi ń lo prednisolone fún èyí, kì í ṣe ìwádìí ńlá tó fi oògùn méjì wéra. Ọ̀pọ̀ ni ara wọn ń yá, àwọn mìíràn á sì máa rí àpá rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá sáré tàbí tí wọ́n bá gun òkè.

Ní ti jẹjẹrẹ, ibí yìí ni ìròyìn tó yẹ kó fi yín lọ́kàn balẹ̀ wà. Bí wọ́n bá yọ B kúrò, AVD kù, àwọn dókítà sì ti mọ bí ìyẹn ṣe ń ṣe sí. Ní ọdún 2016, ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní RATHL jáde, tí àwọn aláìsàn tó lé ní 1,200 kópa nínú rẹ̀. Àwọn tí àwòrán PET wọn, ìyẹn àwòrán tó ń fi ibi tí jẹjẹrẹ ti ń ṣiṣẹ́ nínú ara hàn, mọ́ lẹ́yìn kímò oṣù méjì ni wọ́n pín sí méjì: apá kan ń bá ABVD lọ, apá kejì ń gba AVD. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, nǹkan bí 86 nínú 100 apá àkọ́kọ́ ni àìsàn náà kò padà bá, nǹkan bí 84 nínú 100 nínú apá kejì. Ìyàtọ̀ náà kéré, ẹ̀dọ̀fóró àwọn apá kejì sì yè ju ti àwọn yòókù lọ. PET kò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa, bóyá àbúrò yín kò sì ṣe é, nítorí náà mi ò lè sọ pé tirẹ̀ bá ìwádìí náà mu tán. Ṣùgbọ́n nínú abẹ́rẹ́ méjìlá, mẹ́jọ ló ti gbà pẹ̀lú B nínú, kókó sì ti lọ. Láti gba mẹ́rin tó kù láìsí B, nígbà tí èémí rẹ̀ bá ti balẹ̀, kì í ṣe pé ó sá fún ìtọ́jú. Lance Armstrong, asáré kẹ̀kẹ́ ará Amẹ́ríkà tí gbogbo ayé mọ̀, ní jẹjẹrẹ kórópọ̀n lọ́dún 1996. Wọ́n pa bleomycin tì lẹ́yìn ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n fi oògùn mìíràn rọ́pò rẹ̀ kí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ lè ṣẹ́kù, jẹjẹrẹ náà sì lọ. Àwọn oògùn tuntun tún wà tí wọ́n ń fi rọ́pò B nínú Hodgkin, bíi brentuximab, àmọ́ owó wọn ga púpọ̀, àti pé wọn kò gbọ́dọ̀ pa brentuximab pọ̀ mọ́ bleomycin rárá.

Ó ku ọ̀rọ̀ sílíńdà tí ìyàwó rẹ̀ fẹ́. Ìfẹ́ ló mú un sọ ọ́, ẹ má bínú sí i, ṣùgbọ́n ẹ má gbé e wálé. Mo ti sọ pé ọ́síjìn ni bleomycin fi ń ṣiṣẹ́. Ní ọdún 1978, àwọn dókítà ní New York ròyìn pé aláìsàn márùn-ún tí wọ́n ti gba bleomycin rí ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún, tí èémí gbogbo wọn sì dákú lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n fi kú. Wọ́n wá dín ọ́síjìn àti omi dríìpù tí wọ́n ń fún àwọn méjìlá tó tẹ̀ lé wọn kù, kò sì sí ẹni tó kú níbẹ̀. Àwọn mìíràn tó yẹ ọ̀ràn náà wò lẹ́yìn ìgbà yẹn ní ó dà bí ẹni pé àpọ̀jù omi dríìpù ló ṣe ọṣẹ́ jù, àríyànjiyàn náà kò sì tíì tán. Ohun tí ọ̀pọ̀ dókítà ń ṣe ni pé wọ́n ń fún irú aláìsàn yìí ní ọ́síjìn níwọ̀n tó nílò, kí ẹ̀rọ ìka máa wà ní nǹkan bí 88 sí 92, wọn kì í ṣí i sílẹ̀ gbaga. Ẹ má ṣi èyí gbọ́ o: bí ètè rẹ̀ bá yí padà, tàbí tí ẹ̀rọ bá ka iye tó kéré sí 88, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíá, kí ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dù ú ní ọ́síjìn. Ẹ kàn rí i pé wọ́n gbọ́ orúkọ bleomycin kí wọ́n tó ṣí ẹ̀rọ náà.

Fún ẹ̀yin yòókù tí ẹ̀ ń kà á, tí kì í ṣe bleomycin lẹ̀ ń gbà: methotrexate, busulfan, gemcitabine, paclitaxel àti docetaxel lè ṣe irú èyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò wọ́pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Oògùn jẹjẹrẹ ọmú tuntun tí wọ́n ń pè ní Enhertu ní ìkìlọ̀ ẹ̀dọ̀fóró lára páálí rẹ̀. Ikọ́ gbígbẹ àti èémí kúkúrú ní ọjọ́ tó ku díẹ̀ kí ẹ gba abẹ́rẹ́, ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó so ọ̀pá mọ́ yín lọ́wọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi, kí ẹ tó jáde nílé lọ́la, ẹ bá mi ya ìwé pélébé kan. Ẹ kọ bleomycin sí i, ẹ kọ iye ìgbà tó ti gbà á, ẹ kọ déètì tó gbà á gbẹ̀yìn. Ẹ fi sínú pọ́ọ̀sì rẹ̀, kó sì máa wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí ara rẹ̀ bá ti yá pàápàá, nítorí ikọ́ yìí lè jẹyọ títí dé oṣù mẹ́fà lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ìkẹyìn. Bí wọ́n bá sì fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ kankan fún un lọ́dún mélòó kan sí i, ẹni tó máa fi oorun kùn ún gbọ́dọ̀ rí ìwé náà. Ní Ọjọ́bọ̀, bí nọ́ọ̀sì bá ti gbé oògùn dé, ẹ béèrè pé èwo ni B nínú àwọn wọ̀nyí, ta ló sì yẹ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ wò. Bí wọ́n bá ti ṣe CT scan náà, ẹ kọ èsì rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, mò ń retí rẹ̀.